Ẹ̀yìn funfun ń di eérú nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré: báwo lẹ ṣe ń to iná yín?

Fọ́tò_Adésídà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn funfun, ìyẹn ohun funfun tó ń wà lẹ́yìn ẹni tí a ń yà ní fọ́tò, ni mo gbé wá. Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń lò nítòsí títì Adésídà ní Àkúrẹ́ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, ó fẹ̀ ní 10. Aṣọ funfun ni mo ta sára ògiri ẹ̀yìn. Iná tí mo ní ni Godox SK400II méjì àti fíláàṣì TT600 kan. Kámẹ́rà jẹ́ Canon 80D, lẹ́ńsì 50mm ló wà lórí rẹ̀. Sọ́fútìbọ́ọ̀sì kan, àpótí aṣọ tó ń mú kí iná SK àkọ́kọ́ rọ̀, ń tan ojú oníbàárà, SK kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi dín òjìji kù. Ojú ń dára, àmọ́ ẹ̀yìn kì í funfun, eérú ló ń jáde. Bí mo bá ṣí kámẹ́rà sí i kí ẹ̀yìn lè mọ́, ojú oníbàárà á mọ́ jù, kò ní jọ ara rẹ̀ mọ́. Bí mo bá sì sún un mọ́ aṣọ, òjìji rẹ̀ á yọ síbẹ̀, gbogbo ibi tí aṣọ ti rún á hàn. Àwọn ọmọ FUTA (Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́) tó ń ṣe àṣekágbá ń bọ̀ wá yàwòrán, ẹ̀yìn funfun gbòò ni wọ́n ń béèrè. Ṣé iná ni kò tó ni, àbí bí mo ṣe tò ó?

Bàbá_Sítúdíò

Àbúrò, iná tó o ní tó ọ. Jíjìn ni wàhálà rẹ. Bí iná bá ṣe ń jìnnà ló ń dín kù, kì í sì í dín kù ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Sọ jíjìn di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa ṣẹ́ kù. Sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án.

Ká ní sọ́fútìbọ́ọ̀sì wà ní mítà 1.2 sí ojú oníbàárà, aṣọ sì wà ní mítà 2.4 lẹ́yìn rẹ̀. Láti iná dé aṣọ di mítà 3.6, ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn. Iná tó kan aṣọ fi ohun tó lé díẹ̀ ní stop 3 kéré sí èyí tó kan ojú (stop 1 ni kí iná di ìlọ́po méjì tàbí kó di ìdajì). Nǹkan funfun máa ń mọ́ ju àwọ̀ eérú tí kámẹ́rà fi ń wọn nǹkan lọ ní stop 2 àti díẹ̀, bí iná kan náà bá kan àwọn méjèèjì. Yọ stop 3 àti díẹ̀ kúrò nínú stop 2 àti díẹ̀ yẹn, wàá rí i pé aṣọ rẹ ti lọ sí ìsàlẹ̀ eérú. O lè fọ aṣọ yẹn títí, kò ní yí i padà.

Aṣọ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ní iná tirẹ̀, tí kò bá ojú pín. Gbé SK kejì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, gbé e lọ sẹ́yìn. Pátákó funfun kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4 lè dá iná padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó ṣókùnkùn, kò sì ní jẹ iná kankan.

Ìyá_Lẹ́ńsì

Òótọ́ ni Bàbá sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ tó wà ná. Ẹsẹ̀ bàtà 14 jẹ́ bíi mítà 4.27. Pẹ̀lú 50mm lórí 80D, bí fọ́tò bá dúró lóròó tó sì gba mítà 1 lára ènìyàn, láti òkè orí dé ìdí, kámẹ́rà á wà ní mítà 2.25 sí i. Yọ ara tìrẹ tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, yọ sítáàǹdì aṣọ, bíi mítà 1.5 ló máa kù láàárín oníbàárà àti aṣọ. Ìyẹn ṣeé lò.

Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ńkọ́? Kámẹ́rà nìkan á gba mítà 4.9. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ò gbà á. Bí o bá gbé 35mm sí i, á dín kù sí mítà 3.5, àmọ́ ẹ̀yìn oníbàárà á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan aṣọ. Àfi kí o ṣí ilẹ̀kùn, kí o dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Bó o bá wà ní ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), 1/160 (ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tó fi ń ṣí), f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó), ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ tó bá ẹnu ọ̀nà wọlé kì í sábà rí nǹkan ṣe sí fọ́tò, àfi bí oòrùn bá kọjú sí ẹnu ọ̀nà tààrà.

Ní ti iná ẹ̀yìn, méjì ni kí o lò: SK kejì ní apá kan, TT600 ní apá kejì, kí wọ́n jìnnà sí aṣọ bíi mítà 1. Má jẹ́ kí wọ́n wo ibi tó sún mọ́ wọn. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ni kó wo apá òsì aṣọ, kí ti òsì wo apá ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá ń rẹ̀wẹ̀sì lọ ni èkejì á máa gbà á, aṣọ á sì mọ́ dọ́gba. Agbára TT600 ò tó ti SK, torí náà má wo nọ́ńbà tó wà lára wọn. Tan ọ̀kan, yà á, pa á, tan èkejì, yà á, kí o yí agbára títí méjèèjì á fi bára mu.

Kámẹ́rà_Oǹdó

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò rò pé iná méjì pọn dandan níbẹ̀. Ẹ wo ìṣirò tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe. Bí fọ́tò bá ga ní mítà 1 níbi tí oníbàárà wà, á fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 67. Tí ẹ bá lọ sẹ́yìn sí i ní mítà 1.5, ohun tí kámẹ́rà ń rí lára aṣọ kò ju bíi mítà 1.1 ní fífẹ̀ àti mítà 1.7 ní gíga. Ìwọ̀nba yẹn ló yẹ kó funfun. Ìyókù, ìbáà dúdú kirimú.

SK kan ṣoṣo lórí sítáàǹdì kúkúrú, lẹ́yìn ìdí oníbàárà gan-an, kó kọjú sí aṣọ kó sì gbójú sókè díẹ̀, á ṣe é. Ara oníbàárà á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wá fi TT600 sílẹ̀ fún iná irun, èyí tó ń tan etí irun láti ẹ̀yìn, torí irun dúdú àti fìlà dúdú máa ń fẹ́ ẹ.

Ìyá_Lẹ́ńsì

@Kámẹ́rà_Oǹdó ìṣirò yín tọ̀nà, mo gbà á. Àmọ́ iná kan láti ìsàlẹ̀ máa ń mú kí àárín aṣọ mọ́ ju òkè lọ. Tí ẹ bá wá gbé agbára rẹ̀ sókè kí òkè lè funfun, àárín ti mọ́ jù nìyẹn, àárín yẹn gan-an ló sì wà lẹ́yìn ọrùn àti èjìká. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí aṣọ oníbàárà. Bí iná kan ni ẹ máa lò, ẹ fi agbòòrùn funfun sí i kó lè tàn káàkiri, ẹ má kàn fi abọ́ rẹ̀ lásán. Tí oníbàárà bá sì jẹ́ ẹni tín-ín-rín, agbòòrùn yẹn á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Iná irun lórí ẹ̀yìn funfun? Rárá o. Ẹ̀yìn funfun ti fún irun ní etí tó hàn.

Ayàwòrán_FUTA

Ẹ má jẹ́ kó gùn jù. Òfin rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fi stop 2 mọ́ ju ojú lọ. Ojú f/8, ẹ̀yìn f/16. Ó parí.

Bàbá_Sítúdíò

Kò parí, ọmọ mi. Stop 2 yẹn ló ń ba fọ́tò ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, ìdí rẹ̀ sì ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn iná, tí wọ́n sì ń da méjèèjì pọ̀.

Mítà ọwọ́ tó ní bọ́ọ̀lù funfun, irú Sekonic L-308, ń wọn iná tó ń bọ̀, kò mọ̀ bóyá funfun tàbí dúdú ni iná yẹn máa kàn. Bí o bá gbé e sójú tó kà f/8, tí o gbé e síwájú aṣọ tó tún kà f/8, aṣọ funfun yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Fi ìdajì stop kún un, tàbí stop 1 tó pọ̀ jù, f/11 nìyẹn, kò ní ku eérú kankan. Ọ̀nà kejì ni kí o wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ láti ara aṣọ. Níbẹ̀ ni stop 2 àti díẹ̀ ti jẹ́ òótọ́, torí àwọ̀ eérú ni irú mítà yẹn fi ń wọn gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá gbé stop 2 ti ọ̀nà kejì lọ sórí mítà ọ̀nà kìíní á gba stop 2 sórí funfun tó ti funfun tẹ́lẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: aṣọ ẹ̀yìn á di iná ńlá tó dojú kọ lẹ́ńsì, ìmọ́lẹ̀ á ya wọ inú lẹ́ńsì, á sì bo fọ́tò bí ọyẹ́. Dúdú ò ní dúdú mọ́. Ara ènìyàn dúdú tó yẹ kó máa dán á wá hàn bí ẹni tí kò para, etí irun á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́.

Fọ́tò_Adésídà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Mi ò ní mítà ọwọ́ o. Kí ni mo lè fi rọ́pò rẹ̀?

Ìyá_Lẹ́ńsì

80D rẹ ní i lára. Wọ inú àtòjọ tí wọ́n fi ń wo fọ́tò, tan Highlight alert. Ibi tó bá ti funfun tán á máa ṣẹ́jú. Fi Picture Style sí Neutral, torí èyí tó bá le jù á máa ṣẹ́jú kí àsìkò rẹ̀ tó tó.

Gbé kámẹ́rà sí M (níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń yan gbogbo rẹ̀), ISO 100, 1/160, f/8, kó o má yí i mọ́. Kọ́kọ́ yà á láìtan fíláàṣì kankan. Fọ́tò yẹn gbọ́dọ̀ dúdú. Bí o bá ṣì rí nǹkan níbẹ̀, gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù ń wọ fọ́tò rẹ nìyẹn, àwọ̀ ewé tàbí pupa rúsúrúsú tó o máa ń rí lára aṣọ sì lè jẹ́ láti ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, tan iná ẹ̀yìn nìkan. Bẹ̀rẹ̀ láti 1/16 agbára rẹ̀, máa gbé e sókè ní ìdá kan nínú mẹ́ta stop lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí gbogbo ibi tí kámẹ́rà ń rí lára aṣọ á fi máa ṣẹ́jú. Dúró níbẹ̀. Má fi kún un.

Iná ojú ṣì wà ní pípa. Jẹ́ kí oníbàárà dúró sí àyè rẹ̀, yà á. Ó yẹ kó dúdú látòkè délẹ̀. Sún fọ́tò náà tóbi, wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, etí àti èjìká: bí ìlà funfun bá wà níbẹ̀, iná ẹ̀yìn ti ń gbá a. Ohun tó fà á lè jẹ́ pé ó sún mọ́ aṣọ jù, tàbí pé iná ẹ̀yìn ń rí i láti ẹ̀gbẹ́, tàbí pé agbára pọ̀ jù. Lẹ́yìn tó o bá tún ìyẹn ṣe ni wàá tó tan iná ojú, kí o sì wọ̀n ọ́n mọ́ f/8.

Kámẹ́rà_Oǹdó

Mo fẹ́ fi kún èyí tí Ìyá sọ nípa kí iná má rí oníbàárà. Ra pákó plywood kan, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, kí káfíńtà là á sí méjì ní òró. Kun ojú kan ní dúdú tí kò dán, kun ojú kejì ní funfun. Gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró láàárín iná ẹ̀yìn àti oníbàárà, kí ojú dúdú kọjú sí oníbàárà. Wọ́n á gba iná dúró, wọ́n á sì tún pa àwọ̀ ògiri ẹ̀gbẹ́. Inú ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, bí ògiri bá jẹ́ píǹkì tàbí àwọ̀ ewé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ oníbàárà á gba àwọ̀ yẹn, kò sì sí bó o ṣe máa yọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní hàn.

Ẹ tú fílítà UV olówó pọ́ọ́kú kúrò lójú lẹ́ńsì. Ẹ nu lẹ́ńsì, ẹ fi ìbòrí rẹ̀ sí i. Ipa ìka ọwọ́ kan lójú lẹ́ńsì tó láti ba fọ́tò ẹ̀yìn funfun jẹ́.

Wáyà_Ò_Já

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni fọ́tò kan ti ń funfun tí èyí tó tẹ̀ lé e ń di eérú, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan.

Gílóòbù tó ń tàn nígbà gbogbo lára SK400II jẹ́ 150W. Méjì jẹ́ 300W. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí agbára rẹ̀ ò ju 650W lọ, tí fáànù àti kọ̀ǹpútà tún wà lórí rẹ̀, á máa mí gúlegúle. Fíláàṣì ò ní tètè kún. Bí o bá tẹ kámẹ́rà kó tó kún, iná tó máa jáde á kéré. Pa gílóòbù méjèèjì bí o bá ti tò wọ́n tán. Tan ohùn wọn, kí o má sì tẹ̀ ẹ́ títí wàá fi gbọ́ píì. TT600 ń lo bátìrì AA mẹ́rin; bí wọ́n bá ti ń rẹ̀, apá rẹ̀ lára aṣọ á kọ́kọ́ di eérú, wàá máa rò pé o to iná rẹ ní wíwọ́.

Inverter tí kì í ṣe pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ rí bíi ti ìjọba), má fi fíláàṣì oníwáyà sí i. Áyọ́ọ̀nù tó o fi ń na aṣọ ẹ̀yìn, má ṣe kì í bọ ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú fíláàṣì.

Ẹni tó bá ń lo iná LED tó ń tàn gbére dípò fíláàṣì, iná ìjọba tiwa jẹ́ 50Hz, torí náà 1/50 tàbí 1/100 ni kó lò kí ìlà dúdú má baà gba inú fọ́tò kọjá. Lórí jẹnẹrétọ̀, ìwọ̀n yẹn máa ń lọ sókè sódò, ìlà náà sì lè padà wá.

Ayàwòrán_FUTA

Ó dáa, mo gba ti stop 1. Àmọ́ aṣọ yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ògiri hàn láti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó ra ìwé róòlù.

Bàbá_Sítúdíò

Ìwé dára, kì í rún. Èyí tó fẹ̀ ní mítà 2.72 á fún ṣọ́ọ̀bù ẹsẹ̀ bàtà 10 pa, sítáàǹdì méjèèjì ò ní rí àyè dúró. Ìkọ́ lára ògiri ni wọ́n á fi gbé e kọ́. Mítà 1.35 tó fún fọ́tò ìdajì ara, torí mítà 1.1 ni Oǹdó ti ṣírò fún wa. Bí bàtà bá ti tẹ̀ ẹ́, gé ibẹ̀ kúrò.

Èyí tó rọ̀ jù lápò ni kí o kun ògiri. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi POP dán an, kí o wá fi emulsion funfun tí kò dán kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì. Má lo péńtì olóròóró tó ń dán, iná á máa kọ mànà lójú kan.

Bí o bá sì fẹ́ lo aṣọ rẹ náà, ṣẹ́ ẹ po sí méjì, fi kílíìpù fà á le yíká, wọ́n omi díẹ̀ sí i ní alẹ́. Bó bá mọ́ tó bó ṣe yẹ, ibi tó rún ò ní hàn mọ́.

Àṣọ_Àlà

Ẹ dákun, ẹni tó bá wọ léèsì funfun, gèlè funfun, tàbí ìyá ìjọ tó wọ sùtánà ńkọ́? Gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí, aṣọ tiwọn á parẹ́ mọ́ ẹ̀yìn.

Ìyá_Lẹ́ńsì

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Má jẹ́ kí ẹ̀yìn ju iná ojú lọ rárá, f/8 sí f/8. Sún pátákó dúdú méjèèjì mọ́ oníbàárà, kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú fọ́tò. Òkùnkùn wọn á fi ìlà eérú tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí aṣọ funfun, ìlà yẹn ni ojú fi ń mọ ibi tí aṣọ parí sí. Gbé iná ojú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ ọnà léèsì lè ní òjìji, torí iná tó bá dojú kọ ọ́ gbọnrangandan á pa gbogbo ihò rẹ̀ rẹ́.

Ara dúdú àti aṣọ funfun kì í fẹ́ iná kan náà. Yí sọ́fútìbọ́ọ̀sì sókè díẹ̀, kí àárín rẹ̀ máa wo òkè orí, kí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan kan àyà. Ojú á gba tirẹ̀, léèsì á gba díẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí 0 ti jẹ́ dúdú pátápátá tí 255 sì jẹ́ funfun pátápátá, jẹ́ kí ibi tó mọ́ jù lára aṣọ wà láàárín 235 sí 245. Bí ó bá ti dé 255, kò sí òwú kankan níbẹ̀ mọ́ tí o lè fà jáde.

Ìtẹ̀wé_Alágbàká

Láti ọ̀dọ̀ àwa tó ń tẹ̀ ẹ́ o: 255 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ò ní fi yíǹkì kankan síbẹ̀. Ìwé lásán ni. Lórí fóònù ó dára, àmọ́ bí ẹ bá fi fọ́tò náà sórí káàdì funfun tàbí inú férémù tó ní etí funfun, ẹ ò ní mọ ibi tí fọ́tò parí sí. Bó bá jẹ́ pé ìtẹ̀wé ni, ẹ fi ẹ̀yìn sí bíi 245.

Ẹ má sì fa gbogbo fọ́tò sókè nítorí igun kan tó ku eérú. Nínú Photoshop, ẹ ṣí Levels, ẹ di Alt mú kí ẹ tó fọwọ́ kan ọfà funfun: ibi tó bá ṣì dúdú ni kò tíì funfun tán. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi Dodge Tool pa, lórí Highlights, ní 10% tàbí 15%. Kò ní yọ irun lẹ́nu.

Kámẹ́rà_Oǹdó

@Ìtẹ̀wé_Alágbàká, fún fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ṣì ń fi oníbàárà ti ògiri.

Ìtẹ̀wé_Alágbàká

Kò burú bí iná bá jìnnà. Fi oníbàárà sí sẹ̀ǹtímítà 50 síwájú ògiri, gbé agbòòrùn méjì sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà lọ́tùn-ún lósì ní mítà 3. Láti 3 dé 3.5, iná tó dín kù ò tó ìdajì stop, ẹ̀yìn á funfun pẹ̀lú ojú. Òjìji ọ̀tún àti tòsì á bọ́ sẹ́yìn fọ́tò, torí orí àti èjìká nìkan ni 35 sí 45mm ń gbà. Tí iná bá sún mọ́ mítà 1, eérú á tún padà.

Wáyà_Ò_Já

Ohun kan kù. Bí ayàwòrán mìíràn bá wà nínú ilé ìtajà yín tó ń lo Godox, fíláàṣì yín á máa tàn nígbà tó bá tẹ tirẹ̀, ẹ ó sì bá tiyín láìtíì kún nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà. Channel, ìyẹn ọ̀nà rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ra, wà láti 1 dé 32, ẹ mú òmíràn, kí ó bára mu lórí tírígà (èyí tó wà lórí kámẹ́rà tó ń tan iná) àti lórí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ pa S1 àti S2, èyí tó ń mú kí iná tàn bó bá rí fíláàṣì mìíràn, lára SK pẹ̀lú, torí fíláàṣì àlejò tó wá ya ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á máa tan iná yín.